Kì Í Ṣe Olùtọ́jú Ló Dá Àpá Sí Màmá Mi Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ni wọ́n torí ẹ̀ lé e kúrò nílé wa.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, obìnrin kan pè mí láti Yábàá. Ó ń wá ẹni tó máa bá a tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó. Ó ní ọmọbìnrin kan wá tọrọ iṣẹ́ náà, ọmọ náà sì fẹnu ara ẹ̀ sọ pé wọ́n lé òun níbi tí òun ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, pé wọ́n ní òun fìyà jẹ arúgbó. Ọmọ náà ló fún un ní nọ́ńbà mi.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé lóòótọ́ ló ń fìyà jẹ arúgbó?"

Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn tí mo gé fóònù náà, ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé pańpẹ́ ni. Kí ló dé tí ọmọ yẹn fi máa fún èèyàn ní nọ́ńbà mi? Ṣé ó fẹ́ gbọ́ ohun tí màá sọ ni? Àbí ẹ̀gbọ́n mi ló rán obìnrin náà láti dán mi wò? Bí mo ṣe máa ń ronú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fara dà á.

Múṣín ni mò ń gbé, nínú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Àgádágodo ni mò ń tà, àti oríṣiríṣi kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Bóyá ọjà yẹn ló kọ́ mi, bóyá bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, mi ò mọ̀, àmọ́ mi kì í fọkàn tán èèyàn. Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà, èmi ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí máléékà bá kan ilẹ̀kùn wa, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an.

Màmá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ọjà Òtò ni wọ́n ti ta abọ́ tánganran nígbà ayé ọjà wọn, abọ́ náà ni wọ́n sì fi tọ́ gbogbo wa. Nígbà tó yá, iyè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Wọ́n á bu iyọ̀ sínú tíì. Wọ́n á máa kírun, wọ́n á gbàgbé iye rákà tí wọ́n ti kí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá le, tí wọ́n bá ti jí láàárọ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí Òtò, pé àwọn oníbàárà ti ń dúró. Bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù náà. Dókítà ní dìmẹ́ńṣíà ni wọ́n ń pè é, pé kò sí oògùn tó lè dá iyè náà padà, ìtọ́jú ló kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé ní Sùúrùlérè ló ní ká mú olùtọ́jú wá láti ilé iṣẹ́ kan tó máa ń rán wọn lọ sílé àwọn àgbàlagbà. Èmi ò fẹ́. Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa náà fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, kì í ṣe ọmú ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ta ló máa dúró ti Màmá tí mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù? Bí olùtọ́jú náà ṣe dé nìyẹn. Màá pè é ní Fúnmi, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní nọ́ọ̀sì.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Mo fi bírò sàmì sí ara tíìnì mílíìkì kí n lè mọ ibi tó dé. Mo ń ka ẹran inú ìkòkò kí n tó jáde. Tó bá fẹ́ máa lọ nírọ̀lẹ́, màá ní, "Jẹ́ kí n bá ẹ gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà," kí n lè mọ bó ṣe wúwo tó. Báàgì náà ò wúwo rí. Ìyẹn gan-an tún kó mi láyà sókè, torí mo ní olè tó bá gbọ́n kì í kó o lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun kan wá ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ kí n kórìíra rẹ̀. Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń jẹ́ Síkírá. Ó ti kú tipẹ́, kí n tó lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ kan, mo padà délé lọ́sàn-án láìsọ fún ẹnikẹ́ni, mo gbọ́ tí Màmá ń pe, "Síkírá! Síkírá ò!" Mo sì gbọ́ tí Fúnmi dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Màámi, mò ń bọ̀."

Níbi tí wọ́n ti tọ́ èmi, èèyàn kì í dáhùn tí wọn ò bá pe orúkọ ẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí orúkọ òkú. Mo sọ lọ́kàn mi pé ilé yìí ni ọmọ yìí ń wò. Ó fẹ́ di ọmọ Màmá, kó lè bá wa pín in.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Fúnmi ti kó gbogbo abọ́ tánganran inú ilé jáde sórí ẹní. Òun àti Màmá jókòó, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń tò ó, ńlá nísàlẹ̀, kékeré lókè. Ó ní, "Màámi, ọjà tà lónìí o. Ẹ jẹ́ ká palẹ̀ mọ́ ká lọ jẹun." Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n tú gèlè orí wọn fúnra wọn. Èmi rò pé ó ń fi wọ́n ṣeré bí ọmọdé.

Nígbà tí mo bi í, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ má bínú. Wọ́n kọ́ wa pé ká má bá wọn jiyàn ni. Ibi tọ́kàn wọn bá wà, ká lọ bá wọn níbẹ̀." Mo ní kò burú. Nínú mi, mo ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni wọ́n kọ́ ẹ.

Ó tún ní ìwé kan. Gbogbo ohun tí Màmá bá ṣe ló ń kọ síbẹ̀, ìgbà tí wọ́n jẹun, ìgbà tí wọ́n sùn, ohun tó bí wọn nínú. Orí fìríìjì ló máa ń fi í sí. Mo máa ń yọ́ kà á. Mi ò rí nǹkan kan, síbẹ̀ mo gbà pé èmi ló fẹ́ fi í mú lọ́jọ́ kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó le nìyí. Fúnmi kì í wá lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, mi ò sùn dáadáa mọ́jú, mò ń fọṣọ, oníbàárà ń pè mí, Màmá sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú gèlè, wọ́n ń fa àgádágodo tí mo fi tì í. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jókòó. Wọ́n ní Òtò làwọn ń lọ. Mo tún sọ. Wọ́n tún fà á. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo sọ ọ́.

Mo sáré wá, mo di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn mú, mo fún un pọ̀, mo fi wọ́ wọn dé ìdí àga. Wọ́n ké, "Yéè!" Mo pariwo mọ́ wọn lójú pé, "Kò sí Òtò kankan! Wọ́n ti wó o! Síkírá tí ẹ̀ ń pè ti kú!"

Ọmọ wọn tó kú láti bí ogún ọdún, ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Wọ́n sunkún títí wọ́n fi sùn lọ.

Nírọ̀lẹ́, ojú ibẹ̀ ti dúdú, ipa ìka mẹ́rin hàn kedere. Mo fi òrí pa á, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe fún mi?" Wọ́n ti gbàgbé. Inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àìsàn ìyá mi. Èmi náà nìyẹn o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fúnmi dé. Ó wo ọwọ́ Màmá, ó wò mí. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ àná." Ó kọ̀wé. Bó ṣe mú Màmá lọ sí balùwẹ̀, mo dé ìdí fìríìjì. Mo rí i níbẹ̀: "Mo bá àpá ìka lọ́wọ́ ọ̀tún Màmá nígbà tí mo dé láàárọ̀." Mi ò kà á síwájú. Mo ki ìwé náà bọ inú báàgì mi, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì fi í sábẹ́ páálí àgádágodo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi dé láìròtẹ́lẹ̀. Mo rò pé Fúnmi ló pè wọ́n. Ọsàn ni wọ́n kàn rà wá fún Màmá. Bí wọ́n ṣe fẹ́ fi ọsàn náà sí Màmá lọ́wọ́ ni wọ́n rí àpá.

"Kí ló ṣe Màmá lọ́wọ́?"

Mo ní, "Ẹ bi ẹni tó ń wẹ̀ wọ́n."

Gbólóhùn kan péré. Mi ò parọ́, àbí? Òun ló ń wẹ̀ wọ́n. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi láti ọjọ́ yẹn nìyẹn, àmọ́ ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́ kò ṣeé kó mọ́.

Fúnmi ní, "Sà, bí mo ṣe bá a nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé." Ó lọ sórí fìríìjì. Ó wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ó yíjú wò mí, mo sì rí i pé ó ti yé e. Mo rò pé ó máa sọ ọ́. Kò sọ ọ́, bóyá torí ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi pe ilé iṣẹ́ wọn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ní kó má padà wá mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá lè ṣe Màmá báyìí, kò tún ní fojú kàn wọ́n mọ́ láyé. Ì báà jẹ́ ta ni." Nígbà tí Fúnmi fẹ́ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló na báàgì rẹ̀ sí mi. "Àǹtí, ẹ wò ó kí n tó máa lọ." Mi ò lè gbà á.

Ó tó oṣù kan kí n tó ka ìyókù ohun tó kọ lọ́jọ́ náà. Ó kọ ọ́ pé: "Ó rẹ Àǹtí gan-an. Wọn ò rí ẹni gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màá bẹ ọ̀gá wa kí wọ́n rán ẹnì kan wá." Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá ibi tó ti bú mi nínú gbogbo ìwé náà, mi ò rí i.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò gbà kí olùtọ́jú kankan wọlé wa mọ́. Èmi nìkan ni mò ń tọ́jú Màmá, ìdajì ọjọ́ ni mo fi ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mò ń fura sí gbogbo èèyàn. Ìyá ìsàlẹ̀ yẹn, ṣé ó gbọ́ "Yéè" ọjọ́ náà? Kí ló dé tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ń wò mí báyẹn? Tí mo bá sì já wọlé lójijì, Màmá á ki ọwọ́ ọ̀tún wọn bọ abẹ́ ìró. Wọn ò rántí ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀, àmọ́ ọwọ́ yẹn rántí.

Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to abọ́. Ṣe ni mò ń ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé Fúnmi. Láti bí oṣù mẹ́ta sì ni Màmá ti ń pè mí ní Fúnmi. Ọmọ tí mo bínú sí torí pé ó dáhùn sí orúkọ òkú, èmi náà wá ń dáhùn sí orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Màá ní, "Èmi ni, màámi."

Ọjọ́bọ̀ nìyí. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a, ọ̀la ni tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá sọ òótọ́ fún obìnrin Yábàá yẹn, Fúnmi á ríṣẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ á dé etí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n á sì gba Màmá lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dákẹ́, mo tún lé ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé mo ṣì yẹ lẹ́ni tó ń tọ́jú ìyá ẹ̀?

Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń to abọ́, Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fa etí mi mọ́ra. Wọ́n ní, "Fúnmi, lọ ti ilẹ̀kùn yẹn. Obìnrin tó ń ta àgádágodo yẹn ti fẹ́ dé. Má jẹ́ kó wọlé o."

Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kò ní wọlé, màámi." Wọ́n sì gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn lé mi lórí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?