Nọ́ńbà Tí Mo Tún Kọ Sára Iyùn Madame

Ẹ̀yin ará, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, n ò sọ ọ́ fún ọkọ mi pàápàá. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni Rafatu ọmọ mi máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì láti gbèjà ìwé ìwádìí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi.

Nígbà tí la crise, ọ̀dá owó yẹn, dé, ọjà ọkọ mi kú pátá. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́dọ̀ Madame ní Bonapriso la fi ń jẹun. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ó ní àwọn iyùn tó ń hù nínú òkun ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó sọ fún mi pé bí atẹ́gùn bá fẹ́ gan-an láti ìwọ̀-oòrùn, á ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi sókè, nǹkan tó ń jẹ́ mangani á jáde, iyùn á sì gbé e mì bó ṣe ń dàgbà. Ibi tí mangani bá pọ̀ sí lára iyùn, ìgbà atẹ́gùn líle nìyẹn. Èmi ni mò ń nù wọ́n, tí mò ń tò wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, òjò wọ yàrá tí àwọn iyùn náà wà, nọ́ńbà tí Madame kọ sára àwọn kan sì parẹ́. Háà, ẹ̀rù bà mí! Mo rántí nọ́ńbà wọn, àmọ́ n ò ní yíǹkì. Alfa ni bàbá mi ní Logbaba. Tí òkúta tọ́ọ̀ṣì, ìyẹn bátìrì, bá ti kú, a máa ń fọ́ ọ, a ó lọ dúdú inú rẹ̀, a ó fi kun pátákó ilé kéú. Òun ni mo pò, tí mo fi kọ nọ́ńbà náà padà. Wallahi, mo rò pé mo gbọ́n ni.

Ìgbà tó yá tí Madame fi ẹ̀rọ yẹ àwọn iyùn náà wò, ó ń fò sókè. Mangani pọ̀ yanturu lára àwọn iyùn kan! Mo yọjú wò wọ́n. Àwọn tí mo tún kọ náà ni.

Ó bi mí pé, "Maman Rafa, ṣé kò sí nǹkan tó kàn wọ́n?"

Bó bá lé mi, kí la ó jẹ? Mo ní, "Rárá, Madame."

Madame ti kú. Atẹ́gùn líle tó ní òun rí lára àwọn iyùn yẹn, tó kọ sínú ìwé rẹ̀, ni Rafatu gbé gbogbo ìwádìí tirẹ̀ lé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ń kàwé sí mi létí, ló bá ní mangani náà ló wà nínú òkúta tọ́ọ̀ṣì. Dúdú tí mo fi kọ nọ́ńbà nìyẹn!

Ó ní, "Maman, ẹ̀yin lẹ nu iyùn yẹn, n'est-ce pas? Kò sí nǹkan tó kàn án?"

Mo tún ní rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Bí mo bá sọ ọ́, mo ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́. Bí n ò bá sọ ọ́, irọ́ mi ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ kà fún wọn. Kí ni kí n ṣe? Ó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìwádìí náà. Ó ní èmi ni mo kọ́ òun ní òótọ́ sísọ.