Ìdáhùn Tí Mo Pa Rẹ́ Nínú Ìwé Toyibat

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ pè mí síbí kí n wá dágbére, torí mo ń fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní Odígbó. Ṣùgbọ́n mo hu ìwà ìkà kan lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. N ó sọ ọ́ tán lónìí, ojú ì báà tì mí.

Toyibat ni orúkọ ọmọ tí mo hù ú sí. Bàbá rẹ̀ wá láti Ìwó, ó ń roko kòkó olóko ní Aráròmí-Obu. Lọ́jọ́ kan, mo kọ́ kíláàsì wọn pé bí síńkì bá fún bàbà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, síńkì tó pàdánù nǹkan ló dínkù, òun ni wọ́n rídíùsì. Bàbà ni wọ́n ọ́kísídáìsì. Toyibat nawọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Nọ́ńbà tó wà lára wọn la máa ń wò. Bàbà wà ní méjì, ó wálẹ̀ sí òdo, òun ni wọ́n rídíùsì. Síńkì ti òdo gòkè dé méjì, òun ni wọ́n ọ́kísídáìsì." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Nígbà tí mo délé, mo ṣíwèé wò: òótọ́ ló sọ. Mo pa ìwé dé, n kò sì padà lọ tún un ṣe. Ìgbéraga ni, n kò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan ní ká dán àwọn ọmọ wò, kí wọ́n lè rán ẹni tó bá ṣe dáadáa jù lọ sí yunifásítì. Ìbéèrè yẹn gan-an jáde. Toyibat kọ ọ́ bó ṣe tọ́, mo fún un ní òdo, kí àṣìṣe mi má baà hàn. Olùkọ́ Adédoyin tí a jọ ń máàkì yọjú wò ó, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Dúródọlá, ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí gbà á?" Mo ní, "Ọmọ àlejò ni. Ta ni yóò gbà á jà?" Ó padà sídìí ìwé tí òun ń máàkì. Síbẹ̀ ẹ̀rù ṣì ń bà mí pé ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, mo bá mú rọ́bà. Mo pa síńkì rẹ́, mo kọ bàbà. Mo pa bàbà rẹ́, mo kọ síńkì, mo sì fara wé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Máàkì méjì péré ló fi pàdánù àǹfààní yunifásítì náà. Bàbá rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ṣé kó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀?" Ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un: "Bàbá, orí rẹ̀ ò gba kẹ́mísírì." Ó mú un kúrò nílé-ìwé.

Lóṣù tó kọjá, mo bá Toyibat nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn kòkó ní Òrè. Àgbẹ̀ kan bi í léèrè ohun tó wà nínú oògùn. Ó ní, "Ẹ dúró de ọ̀gá mi, sà. Èmi ò mọ kẹ́mísírì." Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti gbọ́ pé mo fẹ́lì."

Òun àti bàbá rẹ̀ ló jókòó síwájú yìí. Toyibat, ìwọ lo gbà á. Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín. Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà. Ìyà tí wọ́n bá fi jẹ mí, n ó jẹ ẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹ kánjú. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣì kéré, bí ọmọ bá tọ́ yín sọ́nà, ẹ sọ níwájú gbogbo kíláàsì pé ó jàre, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá fi di ọ̀la, ẹ ó rí ìdí tí ẹ ó fi fi di ọ̀túnla.