Ọkọ Tí Ìyàwó Gbé Lé Èjìká

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọkọ mi ní òun ò ya àwòrán mọ́. Ẹ̀bi mi sì ni.

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣiṣẹ́. À ń ṣe ìwé kíkà fáwọn ọmọdé. Èmi ni mo máa ń kọ gbólóhùn tí ayàwòrán máa fi tàdáwà yà, màá sì fi àmì ohùn sí i. Bọ̀dá Kúnlé, ọmọ Ìmùṣin, ni ayàwòrán wa.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀lẹ mú mi. Mi ò fàmì kankan sí gbólóhùn yìí: "Iyawo gbe oko le ejika." Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko ni mo ní lọ́kàn o! Ni Bọ̀dá Kúnlé bá ya ìyàwó tó gbé ọkọ ẹ̀ lé èjìká, tòun ti fìlà, tẹ́sẹ̀ ẹ̀ ń fì dirodiro. Yéè! Àwòrán ọ̀hún sì dára!

Ọ̀gá wa figbe ta. Ìwé tí mo kọ gbólóhùn yẹn sí ti bá àwòrán padà wá, ni mo bá yára fi báírò sàmì sórí ọkọ́. Mo ní, "Ẹ wò ó, sà, mo sàmì sí i."

Bọ̀dá Kúnlé wo ìwé náà títí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ojú mi ni." Ló bá lọ ra awò ojú. Èmi náà ni mo bá a yàn án!

Àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí tí mo fi ń gbé ìkọ́kọrẹ́ lọ fún un. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, àánú ti dìfẹ́. Ó fẹ́ mi.

Mo fi àwòrán yẹn pamọ́ sábẹ́ aṣọ mi nínú àpótí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ wa rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Bọ̀lá, ó yẹ kí n ti jáwọ́ látọjọ́ yẹn." Ó kó gègé ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìjagun, ó sì dá ìwé tuntun tí wọ́n gbé fún un padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tan ọkọ yín rí, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́wọ́? Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ kí n tó lè lanu, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ojú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan rí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn.