Irin Baba Bọ́lá Tí Mo Fi Rọ Àdá

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹ mí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi kó tó kú, mi ò sì sọ ọ́ fún àlùfáà. Ohun tó mú mi sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ọkọ mi fẹ́ dìde lójú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ ìkórè tó ń bọ̀ yìí, kó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Èmi ni mo dá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá bú mi bó bá ṣe wù yín.

Ìkẹ́rẹ́ là ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ẹmùrè ni mí. Fítà ni ọkọ mi, Baba Bọ́lá. Nígbà náà, bí lọ́rì tó kó kòkó bá kú sójú ọ̀nà, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Mi ò lè sọ pé kò mọṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fítà ti fẹ́ irin. Irin wà lábẹ́ ibùsùn, irin wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, irin wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí mo fi ń kó iṣu. Mo ti fi ẹsẹ̀ gbá irin nínú ilé yẹn títí èékánná mi fi dúdú.

Òyìnbó kan tó ń gé igi gẹdú lọ́nà Ìṣẹ́ ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ó kó ẹ́ńjìnì méjì wá láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì mọ́tò tí wọ́n fi ń sáré ìje láyé àtijọ́, tí wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ń padà sílé, ó fún ọkọ mi ní ọ̀kan, ó fún Baba Ṣadé, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó jẹ́ fítà ní Ìṣẹ́, ní èkejì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú mọ́tò kó tó rántí sọ pé kámúṣáàfù inú ẹ́ńjìnì kan jẹ́ ojúlówó, pé àfarawé ni ti èkejì. Wọ́n ní, ọ̀gá, èwo ni èwo? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wá a fúnra wọn. Mọ́tò gbéra. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, irú ìwà wo nìyẹn?

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kámúṣáàfù ni irin gígùn kan tó ní kókó-kókó lára. Ó máa ń yí nínú ẹ́ńjìnì, àwọn kókó náà ló sì ń ṣí ibi tí epo ń gbà wọlé. Mo mọ̀ ọ́n jù. Mo mọ̀ ọ́n ju bó ṣe yẹ kí obìnrin tó ń ránṣọ mọ̀ ọ́n lọ.

Nítorí pé kálukú yọ irin yìí nínú ẹ́ńjìnì tirẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Baba Ṣadé á ti gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ìṣẹ́ pẹ̀lú irin tirẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n á tẹ́ irin méjèèjì sórí ẹní mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á fi òwú ìránṣọ mi wọn kókó kọ̀ọ̀kan. Èyí ga. Èyí sanra. Èyí fẹjú nídìí. Wọ́n á fi èékánná kàn án, wọ́n á gbé etí lé e bí ẹni ń gbọ́ àṣírí. Ọbẹ̀ á tutù. Òwú mi á dọ̀tí fún gírísì. Àgbà méjì, onílé, ọlọ́mọ! Inú á máa bí mi, màá sì tún bu omi mímu fún wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ pé fítà àgbà kan wà ní Àkúrẹ́ tó bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nígbà ogun Jámánì. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, ó ní òun á wá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Wọ́n wá ṣàdéhùn níwájú kátíkíìsì ìjọ wa pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò gbọ́dọ̀ ta irin tirẹ̀ lẹ́yìn ẹnì kejì. Kálukú fi gírísì kun tirẹ̀, ó fi aṣọ dì í, ó gbé e pamọ́ títí onídàájọ́ á fi dé. Orí àpótí aṣọ mi ni Baba Bọ́lá gbé tirẹ̀ lé. Gírísì náà ń yọ́ wọ inú àpótí. Ìró tí wọ́n fi gbé mi níyàwó ló bà jẹ́.

Ọdún yẹn kan náà ni koríko fẹ́ẹ̀ jẹ oko wa tán. Baba Bọ́lá ti fi àdá wa ṣí ìdérí ẹ́ńjìnì kan, ó kán. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe òmíràn. Ó ní ọ̀la. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀la. Èpò ń ga sí i lórí iṣu mi, irin sì kún ilé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣí àpótí láti mú aṣọ, mo rí ìró mi. Mi ò mọ ohun tó tì mí. Rárá, ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Mo mọ̀. Mo mọ irin tí mo mú, mo sì mọ ohun tó jẹ́ fún un. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Baba Alágbẹ̀dẹ, mo ní kó fi rọ àdá fún mi.

Baba Alágbẹ̀dẹ yí i sọ́tùn-ún, yí i sósì. Ó ní, "Urin kí lèyí? Ṣé baálé ulé mọ̀ sí i?" Mo ní ó mọ̀. Ó tì í bọ iná. Ó lù ú títí òógùn fi bo ojú rẹ̀, ó ní irin náà dára, ṣùgbọ́n ó le. Kókó kan wà nídìí rẹ̀ tí òun ò rí tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi igi èèkù bò ó.

Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, mo wá kámúṣáàfù lọ́rì kan tó gùn tó ti tẹ́lẹ̀, mo fi gírísì kùn ún, mo fi aṣọ tí wọ́n fi di ti àkọ́kọ́ dì í, mo gbé e padà sórí àpótí. Mo sọ fún Baba Bọ́lá pé ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní àdá láti Ẹmùrè. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹni tó rọ ọ́ mọṣẹ́.

Ọjọ́ tí ará Àkúrẹ́ dé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kún. Ó tú ti Baba Ṣadé, ó wò ó pẹ́, ó ní irin ìje ni, ṣùgbọ́n kí òun tó sọ bóyá ojúlówó ni, kí òun rí èkejì. Baba Bọ́lá fi ẹ̀rín tú tirẹ̀. Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Urin mi kọ́ lèyí!" Ó pariwo, ó wo ojú gbogbo wa. Ará Àkúrẹ́ ní irin lọ́rì lásán ni. Baba Ṣadé gbé irin lọ́rì náà, ó yí i wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "O ti tà á. O tà á lẹ́yìn mi." Ó di irin tirẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó lọ. Kò tíì padà wá di òní.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọkọ mi bi mí pé, "Ìyá Bọ́lá, ṣé o rí ẹni tó wọ ulé?" Mo ní mi ò rí ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni, mi ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ní ẹ̀rù rí, ẹ mọ bí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà á tán. Kò tán. Àwọn onílọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé fítà tó lè pààrọ̀ irin mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú lè yọ tiwọn náà tà. Ọ̀kan lọ, èkejì lọ. Nígbà tó yá kò sí ẹni tó ń wá mọ́. Baba Bọ́lá kó gbogbo irin tó wà nílé dànù, gbogbo ohun tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún pípẹ́. Ilé mọ́ tónítóní. Mo jókòó sínú ilé tó mọ́, mo sunkún.

Oko ló ń lọ báyìí, àdá yẹn ló sì ń mú lọ. Ó ní èèkù rẹ̀ nípọn díẹ̀, ó dùn ún dì mú. Ojoojúmọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ ń wà lórí irin tí wọ́n ní ó tà. Baba Alágbẹ̀dẹ ti kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ìjọ ti wá dá sí i báyìí. Wọ́n ní ìjà àwọn méjèèjì ti pẹ́ jù, kí Baba Bọ́lá dìde lọ́jọ́ ìkórè, kó gbà pé òun ta irin náà, kí Baba Ṣadé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ó parí. Mo rò pé ó máa yarí. Ó gbà. Ó ní ó ti rẹ òun, pé òun fẹ́ rí ọ̀rẹ́ òun kí àwọn tó kú. Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ò jà? Ká ní ó jà ni, bóyá ǹ bá ti sọ̀rọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n yọ èèkù àdá náà níwájú rẹ̀, kó rí kókó tó wà lábẹ́ igi? Àbí kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì kí òun tó dìde? Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún gbà á gbọ́ pé kò mọ̀ sí i? Ẹ̀rù ìyẹn ò tiẹ̀ bà mí tó ti ojú tó máa fi wò mí. Òun nìkan ló kù tó gbà pé ẹnu mi ò purọ́ rí.

Nítorí pé mo kàwé jù ú lọ, èmi ló bẹ̀ pé kí n kọ́ òun ní ohun tí òun máa sọ. Alaalẹ́ la ń kọ́ ọ. "Èmi ni mo mú irin náà." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ẹni tó mú un lóòótọ́. Láàárọ̀ yìí ó gbé àdá léjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá ìyẹn ti tó, àbí kí òun fi "ẹ dárí jì mí" kún un.

Mo ní kó fi kún un.