Ojú Kẹjọ Nínú Àpótí Orí Òpó

Má wulẹ̀ fẹsẹ̀ wá àkàbà kiri, Fúńdì Mutiso, oníṣẹ́ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì, àkàbà rẹ ti wà nílẹ̀, mo jókòó lé e. Bẹ́líìtì rẹ á gbé ẹ ró lórí òpó yẹn títí n ó fi sọ tẹnu mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìwọ lè gbàgbé, ìwé mi ò gbàgbé. Gbogbo Sátidé, aago mẹ́rin kù díẹ̀, ẹ̀rọ mi á tan iná pupa, íńtánẹ́ẹ̀tì á kú. Tó bá di Mọ́ńdè, ìwọ lọ́fíìsì á rán wá, o ó gun òpó, iná á padà di àwọ̀ ewé, èmi á sì máa sáré po tíì oníwàrà fún ẹ, mandasí, àkàrà ìyẹ̀fun, gbígbóná mẹ́ta, mo tún ń ṣàdúrà fún ẹ lórí ẹ̀. O ní eku ló jẹ wáyà. Eku wo, nílé olólógbò méjì? O ní kọ́bọ́ọ̀dù ló tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, pé ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú wáyà náà, tó bá ti ká, ìmọ́lẹ̀ ò ní í kọjá. Èmi nìkan ni mo ti kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi, ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé.

Sátidé tó kọjá ńkọ́? Ẹbí pé lórí fóònù, à ń rí ojú ara wa, ará Kitale, ará Doha, lórí ọ̀rọ̀ Kwamboka, ọmọ ọdún márùn-ún tí àbúrò mi Moraa kú fi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kerubo, ṣé wàá gba ọmọ yìí?" Mo la ẹnu báyìí, ojú wọn gan, ó parẹ́. Wọ́n ní mo dákẹ́, mo kọ̀ ọ́ nìyẹn. Wọ́n fẹ́ gbé e fún Onditi, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀, tí kò mọ̀ pé ẹ̀wà máa ń mú ara ọmọ náà wú.

Kí lo ń ṣàlàyé? Ojú mẹ́jọ tí wáyà ń wọ̀ ló wà nínú àpótí yẹn, ó ti kún. Ọjọ́ tó o ṣí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù rẹ ni iná mi kọ́kọ́ pọ́n. Ọjọ́ tó o pààrọ̀ wáyà mi, kó o tó gbé e gòkè, mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa kùn ún lórí. Èwo wá ni pupa tó ń fì lọ́wọ́ rẹ yẹn, Mutiso? O yọ tèmi kí àwọn arìndìn tó ń wo bọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ rẹ lè ríran.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi gba ìpàdé ẹbí ti Sátidé òní, aago mẹ́rin ni, lẹ́yìn ẹ̀ kò tún sí. Wo títì, àwọn oníbọ́ọ̀lù rẹ ló ń bọ̀ yẹn, wọ́n ń wá ẹ. Ṣé kí n pè wọ́n, kí n fi ọ̀gá wọn tó há sórí òpó hàn wọ́n?

Ó dáa. Yọ tìrẹ. Fi tèmi sí i.

Mo ń wọlé, àkàbà ń bá mi lọ. Wàá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí Kwamboka bá mọ ilé ẹni tó ń bọ̀.