Mo Jowú Ọmọ Mi Nílé Ìyá Mi

Nígbà tí orúnkún mi ò tíì máa dún báyìí, mo pọn Sàmíátù, ìyá yín, láti Tamale yìí dé Ìlọrin. Kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Ẹ gbọ́... ẹ̀yin tí ẹ ń wọ bọ́ọ̀sì tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, tí ẹ tún ń ṣàròyé! Lọ́rì la wọ̀, orí àpò iṣu la jókòó sí. A gba Yendi, a la Tógò kọjá, a dé Parakou. Ọjọ́ mẹ́rin! Bó bá ti sunkún, màá gé másà sí i lẹ́nu. Ẹ̀yìn mi ò gbẹ, ìtọ̀ ni ṣáá.

Ìyá mi ni mo ń gbé e lọ hàn. Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ṣé ẹ mọ̀? Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí ìyá mi fà mí lé àbúrò wọn lọ́wọ́, pé kí n máa bá wọn gbé ní àdúgbò Sakasaka ní Tamale níbí. "Máa lọ, má bojú wẹ̀yìn." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Mi ò sì bojú wẹ̀yìn.

A dé. Amọ̀kòkò ni ìyá mi. Bí wọ́n ṣe rí Sàmíátù, wọ́n ju amọ̀ ọwọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n gbé e pọ̀n kí wọ́n tó kí mi. Ṣé ẹ gbọ́? Kí wọ́n tó kí mi! Wọ́n ń jó, wọ́n ń kì í ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Èmi dúró síbẹ̀ tòun tẹrù lórí. Oríkì tèmi ńkọ́? Bóyá wọ́n ti gbàgbé ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Sàmíátù ki ẹsẹ̀ bọ ìkòkò tútù kan tí wọn ò tíì sun, ó tẹ̀ ẹ́ wó. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ti ń kọ́ṣẹ́!"

Háà. Èmi tí mo fọ́ ẹyọ kan péré nígbà kékeré mi, pàṣán tí wọ́n fi nà mí... àpá rẹ̀ rèé léjìká, ẹ wò ó. Owú gbé mi. Mo fa ọmọ yẹn, mo gbá a létí. Ọmọ ọdún méjì!

Ìyá mi wò mí. "Hàjárà, ta lò ń nà?"

Mo gbé ọmọ náà, mo bọ́ síta.

Nígbà tó ku ọ̀la ká máa bọ̀, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi. Ilé dá jù."

Mo ní, "Màmá, ẹ ti ní tiyín rí. Ẹ fi tọrẹ."

Wàláhì, bí mo ṣe wí i nìyẹn. Wọ́n nu ọwọ́ amọ̀ mọ́ ìró. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n pọ̀n ọ́n dé ibùdókọ̀, wọ́n tú ọ̀já, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n wá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀... dẹ́rẹ́bà ti ń fọn fèrè. Mo fa ọwọ́ mi yọ.

"Màmá àgbà!" ni Sàmíátù ń ké títí dé Parakou. Èmi jókòó, mo ń jowú ẹkún rẹ̀. Ta ló gbà mí láyè kí n sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi?

Ìyá mi kú kí n tó tún débẹ̀.

Lónìí, ẹ óò jókòó sí àdúgbò yín ní Choggu, ẹ óò máa rí ojú ará Ìlọrin nínú fóònù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ kan bá ń dùn yín látẹ̀yìnwá, ẹ má fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ kékeré. Ẹ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ẹ bi í nígbà tó ṣì lè dáhùn.

Mo bi ìyá yín lọ́jọ́ kan pé ṣé ó rántí ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, mi ò rántí ojú wọn rárá."

Kò rántí! Gbogbo ìkẹ́ yẹn... Èmi tí wọn ò kẹ́, èmi ni mo rántí gbogbo rẹ̀.