Ohun Tó Yí Padà ní Kíláàsì Ìyá Samsudeen

Alága wa, Alhaji Àmúdà; ẹ̀yin àgbààgbà tẹ́ ẹ ti Òkèhò àti Ìlua wá; ọ̀gá mi, Ọ̀mọ̀wé Oyèlékè; ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé bí èmi Ìdòwú Ládòkun bá ti fẹ̀yìn tì lónìí, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá yóò wó lulẹ̀. Mo dúpẹ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lójú mi.

Ṣé ẹ rí Ìyá Samsudeen, Màríámù Àpọ́nlé, tó jókòó lápá ọ̀tún yẹn? Lọ́dún tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì rẹ̀ ló fìdí rẹmi. Ìgbìmọ̀ jókòó, kíá ni wọ́n sì mọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ tuntun, èsì burúkú: kí ló tún kù tí ọ̀mọ̀wé máa wò? Wọ́n ní kó máa palẹ̀ mọ́. Mo bá a níbi tó ti ń di ìwé rẹ̀ sínú àpò.

Ó ní, "Bàbá, àbí mi ò mọ iṣẹ́ yìí ni?" Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní, "Sà, èsì ìdánwò lẹ rí pé ó yí padà. Olùkọ́ lẹ sọ pé ó fà á. Ṣùgbọ́n yàrá náà yí padà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ lẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Ládòkun, ṣé èlùbọ́ ló ń ṣèdánwò ni?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ̀yin náà ní kíláàsì tí ẹ̀ ń kọ́; kí ẹ̀yin àti Màríámù pààrọ̀ yàrá. Olúkúlùkù pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà, ìdánwò kan náà. Yàrá nìkan la máa yí."

Ó gbà, nítorí ó dá a lójú pé ìtìjú mi ló ń bọ̀. Nígbà tí èsì jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Màríámù yege. Ti ọ̀gá wa ńkọ́, olùkọ́ tí gbogbo wa ń yìn? Wọ́n fìdí rẹmi, wọ́n fẹ̀yìn náà rẹmi!

Ìgbìmọ̀ tún jókòó. Ṣé wọ́n ní kí ọ̀gá palẹ̀ mọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé rárá. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbọ́ ariwo ẹ̀rọ fún ìgbà àkọ́kọ́, etí wọn sì là. Wọ́n bẹ ẹlẹ́rọ kó sún síwájú, wọ́n sì ní kí Màríámù máa báṣẹ́ lọ.

Ó ní, "Wọn ò tiẹ̀ bẹ̀ mí, Bàbá."

Mo ní, "Wọn ò ní bẹ̀ ọ́. Máa kọ́ni."

Ó ń kọ́ni títí dòní, òun náà ló sì ń gba àyè mi. Ọ̀gá ló fọwọ́ sí i. Mo yìn ín fún un, tọkàntọkàn.

Kí Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ má rí ẹni tó máa dá yín lẹ́bi ohun tẹ́ ẹ ò ṣe. Bí ẹ̀ka yìí bá sì dára jù báyìí lọ lẹ́yìn mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sọ pé lílọ mi ló fà á, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan mìíràn yí padà.

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi.